Físà iṣẹ́ fún ẹni tí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà há mọ́ òkè òkun: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ọjọ́ 23, oṣù Kẹta, 2020 ni Nàìjíríà ti pápákọ̀ òfurufú Èkó àti Àbújá pa fún ọkọ̀ tó ń ti òkèèrè bọ̀. Ọjọ́ 5, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó ṣí i. Àwọn ọmọ Èkìtì wà lára àwọn tó há: màmá tó lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun, akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò, òṣìṣẹ́ tí ìwé àṣẹ rẹ̀ ti fẹ́ kú. Owó ń tán lọ, físà ń kú lọ, àwọn ará ilé ní Ìkọ̀lé àti Ìjerò sì ń pè pé, "Ṣé ẹ kò kúkú lè wá nǹkan ṣe níbẹ̀?" Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí èèyàn rò pé bí wọ́n bá ti ní kí òun dúró, wọ́n ti ní kí òun ṣiṣẹ́. Ọ̀tọ̀ ni àyè láti dúró, ọ̀tọ̀ ni àyè láti ṣiṣẹ́. Ẹ wo Ìlú Ọba. Ìjọba kọ́kọ́ sún físà tó kú láàrin ọjọ́ 24, oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 31, oṣù Keje, 2020 síwájú fún ẹni tí kò rí ọ̀nà lọ, wọ́n sì fún wọn ní oṣù Kẹjọ láti palẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tí kò bá rí ọkọ̀ nígbà náà ní láti kọ ímeèlì, kó so ẹ̀rí mọ́ ọn, kó tọrọ ohun tí wọ́n pè ní exceptional assurance. Ìwé yẹn kì í ṣe físà. Ohun tó ń sọ kò ju pé wọn kò ní fìyà jẹ yín fún àsìkò tí ẹ fi há síbẹ̀. Bí físà tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ bá fàyè gba iṣẹ́, ẹ lè máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ físà àbẹ̀wò, kò sí iṣẹ́ níbẹ̀. Abọ́ tí ẹ fọ̀ ní ilé oúnjẹ lálẹ́ Sátidé, tí wọ́n fi owó lé yín lọ́wọ́, iṣẹ́ ni. Arúgbó tí ẹ bá wọn tọ́jú, tí ẹ gbowó rẹ̀, iṣẹ́ ni.

Ẹ má sì fi ti ìlú kan wé òmíràn. Ní New Zealand, físà tó yẹ kó parí láàrin ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin sí ọjọ́ 9, oṣù Keje, 2020 gùn fúnra rẹ̀ dé ọjọ́ 25, oṣù Kẹsàn-án. Ní Ọsirélíà nígbà náà, èèyàn ní láti fọwọ́ ara rẹ̀ béèrè físà 408 ti àsìkò àrùn, kó sì fi ìwé agbanisíṣẹ́ hàn bó bá ń ṣiṣẹ́ oko, ìtọ́jú aláìsàn tàbí ìtọ́jú arúgbó. Kánádà ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lóṣù Kẹjọ, 2020 kí àlejò tó ti wà ní Kánádà béèrè ìwé iṣẹ́ láìjáde, bó bá ti rí agbanisíṣẹ́. Ẹni tó jókòó sí Melbourne ní Ọsirélíà torí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Auckland, New Zealand, kò kọ ìwé kankan, físà rẹ̀ á kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé pẹ̀lú ń da àwọn èèyàn láàmú. Màmá tó ní físà Amẹ́ríkà ọdún méjì a máa rò pé òun lè jókòó fún ọdún méjì. Rárá o. Ọjọ́ tó wà lára físà ni ìgbà tí ẹ lè fi kan ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ jáde wà lórí I-94, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí Amẹ́ríkà ṣe nígbà tí ẹ wọlé. Ẹ ṣí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú nọ́ńbà páspọ́ọ̀tù, ẹ wo iwájú ibi tí wọ́n kọ Admit Until Date sí. Oṣù mẹ́fà ló sábà máa ń jẹ́ fún àlejò. Fọ́ọ̀mù I-539 ni ẹ fi ń béèrè àfikún, kí ọjọ́ yẹn tó pé. Oṣù ló ń ṣáájú lórí fọ́ọ̀mù wọn: bí ẹ bá kọ 05/09 fún ọjọ́ 5, oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún ni wọ́n máa kà á sí. Àfikún náà kò sì fàyè gba iṣẹ́.

Ní Kánádà, ọjọ́ kan péré lè ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó béèrè àfikún kí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ tó kú lè máa ṣiṣẹ́ lọ lórí àdéhùn àtijọ́ títí èsì yóò fi dé. Ẹni tó jẹ́ kó kú kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀; ọjọ́ 90 ló ní láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá ipò rẹ̀ padà. Bí ìwé bá sì dárúkọ agbanisíṣẹ́ kan, ọ̀dọ̀ ẹni yẹn nìkan ni ẹ ti lè ṣiṣẹ́.

Páspọ́ọ̀tù ńkọ́? Àwọn kan a máa fi èyí tó ń kú lọ ránṣẹ́ sí àbúrò pé kó bá àwọn gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n ní Adó-Èkìtì. Kò ṣeé ṣe. Ojú yín ni wọ́n máa yà, ìka yín ni wọ́n máa tẹ̀, nítorí náà ilé aṣojú Nàìjíríà tó wà lọ́dọ̀ yín ni kí ẹ ti béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Orúkọ ara NIN àti ti páspọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ tètè ṣe é, torí Kánádà kì í fúnni ní ìwé iṣẹ́ tó kọjá ọjọ́ tí páspọ́ọ̀tù máa kú: iṣẹ́ ọdún méjì, páspọ́ọ̀tù tó ku oṣù márùn-ún, ìwé oṣù márùn-ún lẹ máa gbà.

Ti òkú sísin le, ó sì ń dùn wá láti sọ ọ́. Bàbá kú nílé, ọkàn kò gbà kéèyàn má lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí Bridging Visa A ní Ọsirélíà, físà onígbà díẹ̀ tí wọ́n fi ń dúró de èsì físà míì, bó bá ti jáde, físà náà ti parí nìyẹn. Bridging Visa B ló ń jẹ́ kéèyàn lè padà wọlé, kí ẹ sì tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti gbà á.

Àwọn ajẹ́ǹtì kan ṣì ń ta "físà Kòrónà" títí di òní. Ọ̀nà 408 ti àsìkò àrùn ní Ọsirélíà ti tì pa láti oṣù Kejì, 2024. Èyí tí Kánádà ṣí fún àlejò parí lọ́jọ́ 28, oṣù Kẹjọ, 2024. Nígbà tí ti Ọsirélíà wà gan-an, ọ̀fẹ́ ni fún èyí tó pọ̀ jù nínú àsìkò náà. Ẹni tó bá ń gbowó lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀ báyìí, olè ni.

Bí ẹ bá wá ń kún fọ́ọ̀mù tuntun lónìí, ẹ má fi àwọn oṣù tí ẹ fi há pamọ́. Irọ́ lórí fọ́ọ̀mù lè tilẹ̀kùn Kánádà mọ́ yín fún ọdún 5, ti Ìlú Ọba fún ọdún 10. Bẹ́ẹ̀, Ìlú Ọba ti là á sínú òfin pé àwọn kò ní ka ìdúró àárín ọjọ́ 24, oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, 2020 sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ẹ kọ lẹ́tà ojú ìwé kan: ọjọ́ tí físà kú, ọjọ́ tí ọkọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀, ọjọ́ tí ẹ padà dé. Ẹ so ímeèlì iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú àti èyí tí ìmígíréṣọ̀n fi dá yín lóhùn mọ́ ọn. Bí ímeèlì wọ̀nyẹn bá ṣì wà lórí fóònù nìkan, ẹ tẹ̀ wọ́n jáde ní kafé lọ́la.