Bí mo ṣe kún Form 4562 fún ilé oúnjẹ kan ní Houston láìjẹ́ kí Section 179 gbé gbogbo èrè lọ

Risíìtì ọdún 2024 ló wà níwájú mi: fíríìsà ńlá kan, sítóòfù olójú mẹ́fà, bọ́ọ̀sì akẹ́rù kan, ẹ̀rọ amúlétutù tuntun lórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù, ògiri àti ilẹ̀ tí wọ́n tún ṣe nínú, àti ẹ̀rọ kéékèèké mẹ́ta. Màmá tó ni ilé oúnjẹ náà ti gbọ́ pé Section 179 nínú òfin owó-orí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n yọ gbogbo owó yẹn kúrò nínú èrè ọdún kan ṣoṣo. Òótọ́ ni wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n òfin yìí kì í ṣe tipátipá. Àwa la máa yan ohun tí a fẹ́ fi sí i, àwa la sì máa yan iye tí a fẹ́ lórí ohun kọ̀ọ̀kan. Ibi yíyàn yẹn ni owó ti máa ń bọ́ lọ́wọ́ oníṣòwò, ibẹ̀ ni mo sì ti pẹ́ jù.

Ohun tó bá máa lò ju ọdún kan lọ, díẹ̀díẹ̀ la máa ń yọ owó rẹ̀ kúrò nínú èrè, lórí Form 4562: ọdún márùn-ún fún ẹ̀rọ ìdáná àti ọkọ̀, ọdún 15 fún àtúnṣe inú ilé iṣẹ́, ọdún 39 fún ohun tó jẹ́ ara ilé fúnra rẹ̀. Section 179 ló jẹ́ ká lè yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Òfin PATH Act ọdún 2015 ló sọ ààlà $500,000 di ohun tí kò ní máa parí lọ́dọọdún mọ́. Òfin owó-orí ọdún 2017 gbé e dé mílíọ̀nù kan dọ́là láti 2018, ó sì fi òrùlé, ẹ̀rọ amúlétutù, ohun èlò ìdènà iná àti ohun èlò ààbò ilé iṣẹ́ kún un. Ní 2024, ààlà náà jẹ́ $1,220,000, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù bí ohun tí a rà bá ti ju $3,050,000 lọ. Ilé oúnjẹ kékeré kò lè dé ibẹ̀. Ààlà tó kàn wá ni ti èrè: Section 179 kò lè ju èrè òwò lọ, kò sì lè sọ èrè di àdánù. Owó oṣù tí ènìyàn ń gbà níbòmíràn wà lára èrè tí wọ́n ń wò yìí, ti ọkọ tàbí aya pẹ̀lú, bí wọ́n bá jọ kún ìwé kan.

Mo kọ́kọ́ yọ àwọn kéékèèké sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ tó ń gún iyán, $480. Ẹ̀rọ ìlọta, $1,350. Tablet tí wọ́n fi ń gba owó, $899. IRS, ilé iṣẹ́ owó-orí ìjọba àpapọ̀, gbà kí ohun tí ẹyọ rẹ̀ kò bá ju $2,500 lọ di ìnáwó lójú ẹsẹ̀, láìdé Form 4562 rárá. De minimis safe harbor ni wọ́n ń pè é. A ní láti so ìwé kékeré kan mọ́ ìwé owó-orí lọ́dọọdún, tó ní orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà owó-orí àti gbólóhùn pé à ń yan ìlànà náà. Ẹni tí kò bá so ìwé yìí mọ́ ọn kò yàn án. Bí owó gbígbé wá bá wà lórí risíìtì kan náà, ẹ pín in sórí ohun kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sọ pé kò ju $2,500 lọ.

Ọjọ́ ló kàn. Òfin kì í wo ọjọ́ tí a sanwó. Ọjọ́ tí ohun náà wà ní sẹpẹ́ fún iṣẹ́ ló ń wò. Fíríìsà tí a sanwó rẹ̀ ní oṣù Kejìlá, tó ṣì wà nínú páálí di oṣù Kìn-ín-ní, ti ọdún tuntun ni. Ohun tí a fi owó yíyá rà, tó sì ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo iye rẹ̀ la máa kọ, ì báà ṣẹ́ku gbèsè. Owó-orí ọjà, tó jẹ́ 8.25% ní Houston, owó gbígbé wá àti owó títò ó, gbogbo wọn wà lára iye rẹ̀. Bí fíríìsà ṣe di $9,400 nìyẹn, tí sítóòfù di $5,200. Àlòkù kò burú, bí kò bá ti jẹ́ tiwa rí. Èyí tí a rà lọ́wọ́ ọkọ, aya, òbí tàbí ọmọ ẹni kò bọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí a jogún tàbí tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ.

Agbaṣẹ́ṣe tó tún ṣọ́ọ̀bù ṣe kọ ìlà kan ṣoṣo sínú ìwé owó rẹ̀: “Renovation, $18,600.” Ìwé yẹn kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Mo ní kí màmá padà lọ bá a kó pín in, ó sì pín in: ẹ̀rọ amúlétutù orí òrùlé pẹ̀lú ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀, $11,600, ògiri àárín, táìlì ilẹ̀ àti iná àjà, $7,000. Iṣẹ́ inú ilé bọ́ sí Section 179 nítorí pé ilé iṣẹ́ ni, kì í ṣe ilé gbígbé, tí wọ́n sì ti ń lò ó kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ ilé náà ni, tàbí wọ́n fọwọ́ kan òpó àti igi tó gbé e ró, owó apá yẹn kò ní wọlé. Ọgbà àti ibi ìgbọ́kọ̀sí níta kò sí nínú rẹ̀. Owó tí lánlọ́ọ̀dù bá dá padà fún ayálégbé, ti lánlọ́ọ̀dù ni.

Bọ́ọ̀sì akẹ́rù náà, àlòkù ni, $28,000. Mo ní kí wọ́n ya fọ́tò sítíkà tó wà létí ilẹ̀kùn awakọ̀ fún mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ GVWR sí, ìyẹn ìwúwo ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n gbà kó gbé. Tiwọn ju 6,000 pọ́n-ùn lọ, torí náà ààlà ọdọọdún tó wà lórí ọkọ̀ kékeré kò kàn án. SUV tó wúwo ní ààlà tirẹ̀ lábẹ́ Section 179, $30,500 fún 2024, àmọ́ bọ́ọ̀sì akẹ́rù tí kò ní ìjókòó kankan lẹ́yìn awakọ̀ kò sí lábẹ́ ìyẹn. Ìwé ìrìn ọkọ̀ fi hàn pé nínú máìlì 15,000, 12,000 jẹ́ ti òwò. Ìyẹn ni 80%, nítorí náà $22,400 ni iye tí mo lè lò. Lílò fún òwò gbọ́dọ̀ ju 50% lọ. Ẹni tó bá sì ti ń yọ owó ọkọ̀ báyìí kò lè gba sẹ́ǹtì 67 tí IRS ń fúnni lórí máìlì kan ní 2024 mọ́ fún ọkọ̀ yẹn.

Wàyí o, yíyàn. Èrè lẹ́yìn gbogbo ìnáwó yòókù jẹ́ $47,300. Gbogbo ohun tó lè bọ́ sí Section 179 jẹ́ $55,600. Bí mo bá yan gbogbo rẹ̀, èrè á di òfo, $8,300 á sì sún sí ọdún tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n bí èrè bá di òfo, kò sí nǹkan kan tó wọ àkọsílẹ̀ màmá ní Social Security, ètò owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, lọ́dún yẹn. Ní 2024, èrè $1,730 ló ń mú credit kan wá. Mẹ́rin ni wọ́n ń gbà lọ́dún, ìyẹn $6,920. Ogójì credit sì ni ènìyàn gbọ́dọ̀ kó jọ kó tó gba owó ìfẹ̀yìntì lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Lọ́nà kejì, $14,600 tí òfin kì í gba owó-orí lórí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó dá kún ìwé á ṣòfò, nítorí kò ní bá èrè kankan nílẹ̀. A ò gbọdọ̀ fi ọjọ́ ogbó ẹni dí ihò owó-orí ọdún kan.

Ohun tí òfin fẹ́ fà gùn jù ni mo kọ́kọ́ fi Section 179 mú. Ẹ̀rọ amúlétutù orí òrùlé, ọdún 39 ni: $11,600 tí a pín sí ọ̀nà 39 kò tó $300 lọ́dún. Òde ilé ló wà, kì í ṣe iṣẹ́ inú ilé, torí náà bonus depreciation, ìyẹn ìyọkúrò àfikún ti ọdún àkọ́kọ́, kò lè ràn án lọ́wọ́. Iṣẹ́ inú ilé, ọdún 15, tẹ̀lé e. Méjèèjì jẹ́ $18,600. Fíríìsà, sítóòfù àti bọ́ọ̀sì jẹ́ ti ọdún márùn-ún. 20% ń jáde lọ́dún àkọ́kọ́ láìsí ìyọnu. $37,000 ni wọ́n, 20% rẹ̀ jẹ́ $7,400. Gbogbo rẹ̀ wá di $26,000, èrè ku $21,300. Owó-orí adáṣẹ́ṣe wálẹ̀ láti $6,683 sí $3,010, credit mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì pé.

Lórí Form 4562 gan-an, Part III ni mo kọ́kọ́ ṣe, kí n tó padà sí Part I. Ìdí ni pé èrè tó ń lọ sí ìlà 11 gbọ́dọ̀ ti yọ $7,400 yẹn kúrò: $39,900 ló kù. Fíríìsà àti sítóòfù wà ní ìlà 19b, $2,920. Bọ́ọ̀sì wà ní Part V, ìlà 26, $4,480, pẹ̀lú ìdáhùn ìbéèrè 24 pé ẹ̀rí wà lákọsílẹ̀, ó sì bọ́ sí ìlà 21. Ìlà 6 ni ohun méjì tí mo yàn wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀. Ìlà 12 di $18,600, ìlà 13 di òfo, ìlà 22 di $26,000, èyí tó lọ sí ìlà 13 Schedule C, ìwé tí a fi ń ṣírò èrè òwò.

Ibi tí mo ti rí àṣìṣe jù lórí ìwé àwọn ẹlòmíràn rèé. Bonus depreciation, tó jẹ́ 60% ní 2024, kì í dúró de ìgbà tí a bá yàn án. Òfin fúnra rẹ̀ ló ń fi sí i. Ká ní mi ò kọ̀wé pé a kò fẹ́ ẹ fún ohun ọlọ́dún márùn-ún, ìyọkúrò lórí $37,000 yẹn ì bá ti fò sí $25,160, èrè ì bá sì ku $3,540. Gbogbo ohun tó wà ní ìsọ̀rí ọdún kan náà ni ìwé yẹn ń mú. Kò sí pé ká kọ̀ ọ́ fún bọ́ọ̀sì ká gbà á fún sítóòfù. Ẹ so ó mọ́ ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ lásìkò. A lè yí Section 179 padà lẹ́yìnwá nípa ìwé àtúnṣe, ìkọ̀wé yìí kò rí bẹ́ẹ̀.

Láti 2025 ó ti le sí i. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní July 4, 2025 gbé ààlà Section 179 dé $2,500,000, ìdínkù sì bẹ̀rẹ̀ láti $4,000,000. Ó dá bonus padà sí 100% fún ohun tí a rà lẹ́yìn January 19, 2025. Ẹni tí kò bá kọ̀wé kọ̀ ọ́ lè jí rí i pé èrè ọdún náà ti tán. Texas kì í gba owó-orí lórí èrè ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìṣirò náà parí síbẹ̀ fún wa. Ní California, $25,000 péré ni ìpínlẹ̀ gbà lábẹ́ Section 179, ìṣirò méjì ni wọ́n á sì máa tọ́jú lórí ẹ̀rọ kan náà títí ọdún rẹ̀ á fi pé.

Ìwé ìrìn bọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ dúró. Lọ́dún tí lílò rẹ̀ fún òwò bá wálẹ̀ sí 50% tàbí tó dín sí i, Form 4797 Part IV á béèrè apá kan owó tí a ti yọ padà, á sì padà di èrè. Mo ti kọ máìlì tí bọ́ọ̀sì náà wà ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé 2025 fún màmá.