Bí Ìjọba Bá Fẹ́ Pààlà sí Òkun Yín: Ohun Tí Ará Erékùṣù Gbọ́dọ̀ Ṣe Kí Gbèdéke Tó Pé

Máàpù tí ìjọba bá kọ́kọ́ gbé jáde ló máa ń ṣòro jù láti yí padà. Lórí máàpù yẹn, ibi tí ọkọ̀ kéékèèké ti ń pẹja lójoojúmọ́ lè dà bí omi tí ẹnikẹ́ni ò lò. Kò túmọ̀ sí pé ẹnìkan purọ́. Ẹ̀rọ VMS tó ń tọpa ọkọ̀ láti ojú sánmà, ọkọ̀ ńlá ni wọ́n ń fi sí. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ tó gùn tó mítà 12 sókè nìkan lòfin kàn nípá fún. Ọkọ̀ mítà 7 tó ń da ìgèrè sẹ́yìn àpáta kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn rárá. Ariwo “a ò fẹ́” nìkan kò lè kún àyè tó ṣófo yẹn. Òkun yín gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé, pẹ̀lú iye àti ìwọ̀n, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn èsì, ìyẹn kí àkókò tí ìjọba fún ará ìlú láti fèsì sí àbá náà tó parí.

Ẹ ka ìwé náà tán ná

“Agbègbè ààbò” kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ní gúúsù erékùṣù Arran ní Scotland, agbègbè kan wà tí wọ́n ti fòfin de irin tí ọkọ̀ ń wọ́ láti fi họ ilẹ̀ òkun, ṣùgbọ́n tí ìgèrè ṣì ń lọ ní apá púpọ̀ nínú rẹ̀. Nínú agbègbè yẹn kan náà ni Lamlash Bay wà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́dọ̀ mú ohunkóhun láti ọdún 2008. Omi kan náà, òfin méjì. Nítorí náà, kí ẹ tó bínú tàbí kí ẹ tó gbà, ẹ wá ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta nínú ìwé ìjọba: kí ni wọ́n fẹ́ dáàbò bò gan-an? Irú ohun èlò wo ni wọ́n fẹ́ kà léèwọ̀? Ta ló láṣẹ láti yí òfin náà padà lẹ́yìn ọ̀la?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Bó bá jẹ́ koríko inú òkun ni wọ́n fẹ́ dáàbò bò, irin ahọlẹ̀ àti ìdákọ̀ró ni ọ̀tá rẹ̀, omi ẹlẹ́gbin tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹyẹ òkun tó ń wẹ̀ lọ sísàlẹ̀ wá ẹja, àwọ̀n tó dúró sójú kan ló ń pa á, ìgèrè kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ohun èlò yín sílẹ̀, kí ẹ sì kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kan ohun tí wọ́n fẹ́ dáàbò bò. Bí ìjọba bá fẹ́ dá ohun èlò kan dúró láìsọ ìpalára tó ń ṣe, ẹ ti rí ibi tí ẹ máa dì mú.

Nígbà míì, ìwé náà lè jáde láìsí máàpù kankan. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Scotland ní oṣù December 2022, nígbà tí ìjọba gbé àbá jáde láti ti ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún òkun rẹ̀ pa pátápátá kí ọdún 2026 tó tán: kò ní sí ẹja pípa, kò ní sí ọ̀sìn ẹja, kò ní sí kíkó ewé òkun. Wọn ò sọ ibi tó máa jẹ́. Ìbínú àwọn ará erékùṣù pọ̀ débi pé ní June 2023, ìjọba ní òun ò ní bá a lọ bó ṣe wà. Bí irú èyí bá dé bá yín, ẹ má dúró de máàpù. Ọ̀nà tí wọ́n máa gbà yan ibẹ̀ ni kí ẹ fèsì sí: irú ẹ̀rí wo ni wọ́n máa lò, ta ló máa kó o jọ, ìgbà wo ni wọ́n máa fi hàn yín.

Yíya máàpù tiyín

Ẹ ra máàpù òkun tó tóbi dáadáa. Tí ìwọ̀n rẹ̀ bá jẹ́ 1:25,000, sẹ̀ǹtímítà 4 lórí ìwé jẹ́ kìlómítà 1 lórí omi, ìyẹn sì tó. Ẹ tẹ́ ọ̀rá tó mọ́ gaara lé e lórí, kí ẹ fi gègé aláwọ̀ oríṣiríṣi kọ ọ́: àwọ̀ kan fún ìgèrè, òmíràn fún àwọ̀n, òmíràn fún ìwọ̀. Atukọ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa jókòó ti máàpù yìí ní òun nìkan, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Ẹ má ṣe kó gbogbo wọn sínú yàrá kan. Kò sí apẹja tó máa fi ibi tó ti ń rówó han ẹni tí wọ́n jọ ń du ẹja, ohun tí ẹ ó sì rí gbà ni irọ́ ọlọ́wọ̀. Ẹ bi í léèrè ibi tó ń lọ, oṣù tó ń lọ, bí omi ṣe jìn tó, irú ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, àti ibi tó ń sá sí bí afẹ́fẹ́ bá le.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ pín in sí ojú ilé tó fẹ̀ ní mítà 500 ní gígùn àti ní ìbú. Nínú ojú ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye ọkọ̀ àti iye oṣù tí wọ́n fi ń lò ó. Ojú ilé yìí nìkan lẹ máa fún ìjọba. Ẹnì kan tí gbogbo yín fọkàn tán ni kó tọ́jú àwọn ọ̀rá tí wọ́n fọwọ́ yà, nítorí ohun tó bá ti wọ fáìlì ìjọba, àlejò lè béèrè fún un lọ́la, kó sì rí i gbà.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé jù ni nọ́ńbà GPS. Ẹ̀rọ ọkọ̀ kan lè kọ ọ́ ní díígírì àti ìṣẹ́jú (ìṣẹ́jú 60 ló wà nínú díígírì 1, kì í ṣe ìṣẹ́jú aago), kọ̀ǹpútà ìjọba á sì fẹ́ díígírì olójú àmì. 56°30′ jẹ́ 56.5, kì í ṣe 56.30. Bí ẹ bá kọ 56.30, ẹ ti fi ìṣẹ́jú 12 sẹ́yìn, ìṣẹ́jú 1 ní ìhà àríwá sí gúúsù sì jẹ́ máìlì òkun 1, ìyẹn mítà 1,852. Ibi ìpẹja yín á ti ṣí lọ ní kìlómítà 22, bóyá ó ti dé orí ilẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá rí apẹja lórí òkè lẹ́ẹ̀kan, kò ní gba ìyókù gbọ́ mọ́. Ẹ ṣètò gbogbo ẹ̀rọ sí WGS84, ìyẹn ìlànà ìwọ̀n ibi tí GPS ń lò, kí ẹ yan ibi mẹ́ta tí gbogbo ayé mọ̀, bí etí èbúté tàbí iná àpáta, kí ẹ fi wọ́n dán an wò.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn tí kò ní ọkọ̀. Ní ọ̀pọ̀ erékùṣù, obìnrin ló ń ṣa àwọn ẹran oníkarahun ní etí omi nígbà tí omi bá fà. Wọn kì í pe ara wọn ní apẹja, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n. Ẹ lọ bá wọn nílé, kí ẹ sì ya ibi tí wọ́n ń rìn dé.

Níbo ni iṣẹ́ tí wọ́n lé kúrò máa lọ?

Èyí ni ìbéèrè tí ìwé ìjọba kì í sábà dáhùn dáadáa. Ẹ ká ní ọkọ̀ 9 ni ẹ ní, kálukú pẹ̀lú ìgèrè 400. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,600. Ibi tó ṣeé lò jẹ́ kìlómítà onígun mẹ́rin 28, wọ́n sì fẹ́ ti 10 pa. Tẹ́lẹ̀, ìgèrè bí 129 ló wà nínú kìlómítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀, á di 200. Okùn á máa lọ́ mọ́ra, ohun tí ìgèrè kọ̀ọ̀kan ń mú á dín kù, ilẹ̀ tí kò sí lábẹ́ ààbò náà á sì rẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ kọ ìṣirò yín sílẹ̀ báyìí, pẹ̀lú iye tiyín gan-an, látinú ìwé títà ẹja ọdún 3 ó kéré tán. Ọdún 1 kò tó, nítorí ọdún kan lè jẹ́ ọdún ìjì.

Ẹ ṣírò epo náà. Bí ọkọ̀ bá ní láti lọ kìlómítà 6 sí i kó sì padà, ìyẹn ju wákàtí 1 lọ fún ọkọ̀ tó ń sá máìlì òkun 6 ní wákàtí kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń jẹ lítà 8 ní wákàtí kan, tí ọkọ̀ sì ń jáde lọ́jọ́ 150 lọ́dún, ó di nǹkan bí lítà 1,300 lórí ọkọ̀ kan. Ohun tí epo ò lè sọ ni ewu: bí ibi tí wọ́n fẹ́ tì bá jẹ́ ẹ̀yìn àpáta kan ṣoṣo tí ọkọ̀ kékeré lè sá sí nígbà òtútù, ọkọ̀ yẹn á dúró nílé fún oṣù púpọ̀ tàbí kó lọ síbi tí ìgbì lè gbé e mì. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Fún àwọn tó ń sin ẹja àti oníkarahun

Àgò tó wà lójú omi kọ́ ni gbogbo oko. Bí omi bá jìn ní mítà 30, tí okùn ìdákọ̀ró sì jẹ́ ìlọ́po 3 ìjìnlẹ̀ omi, ìdákọ̀ró yẹn á wà ní nǹkan bí mítà 85 sí etí àgò. Bí ẹ bá fún ìjọba ní máàpù àgò nìkan, ààlà tuntun lè gba orí ìdákọ̀ró yín kọjá. Ẹ ya ìdákọ̀ró, ẹ ya ọ̀nà tí ọkọ̀ oúnjẹ ń gbà, ẹ fi ọjọ́ tí ìwé àṣẹ yín máa parí sí i, nítorí oko tí wọ́n fi sílẹ̀ lónìí lè ṣàìrí àṣẹ tuntun gbà lọ́la. Ẹ béèrè fún ìdáhùn lórí ìyẹn lákọsílẹ̀. Fún oníkarahun tó ń so mọ́ okùn, ọmọ rẹ̀ inú omi ló ti ń wá. Ó ń rìn pẹ̀lú ìṣàn fún bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó so mọ́ nǹkan. Ibi tí ẹ ti ń gba ọmọ yẹn lè jìnnà sí oko, ó yẹ kó wà lórí máàpù yín pẹ̀lú. Ẹ sì sọ ọ́ kedere pé oníkarahun kì í jẹ oúnjẹ tí èèyàn dà sómi: ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ àgò ẹja nínú gbólóhùn kan.

Kíkọ èsì

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ẹni tó ń da ìgèrè àti ẹni tó ń wọ́ àwọ̀n bá ń jà, ẹ kọ́kọ́ parí rẹ̀ láàárín ara yín, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sínú èsì pé èrò méjì ló wà. Bí ẹ bá bò ó, wọ́n á rí i nípàdé.

Lẹ́tà 300 tó jọra délẹ̀, ẹ̀rí ẹyọ kan ni wọ́n lè kà á sí. Èyí tó dára ni èsì àpapọ̀ kan tó ní máàpù àti ìṣirò, pẹ̀lú lẹ́tà kúkúrú tí kálukú fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ọkọ̀ tirẹ̀. Ẹ fèsì ní ìpínrọ̀ sí ìpínrọ̀, ẹ máa dárúkọ nọ́ńbà ìpínrọ̀ tí ẹ ń dáhùn. Níbi tí ẹ bá kọ̀, ẹ gbé ohun mìíràn kalẹ̀: kí ààlà ṣí ní mítà 800, kí wọ́n ti irin ahọlẹ̀ nìkan, kí wọ́n tì í ní oṣù tí ẹja ń yé ẹyin, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún 5.

Ẹ lo ìwé tí ìjọba fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí. Àdéhùn àgbáyé Kunming-Montreal ti December 2022, tó ní kí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ àti òkun wà lábẹ́ ààbò kí ọdún 2030 tó tán, sọ pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ àti àwọn ará agbègbè. Ìlànà FAO, àjọ àgbáyé lórí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ti 2014 lórí àwọn apẹja kékeré wà níbẹ̀. Ní Scotland, òfin àwọn erékùṣù ti 2018 ní kí ìjọba yẹ ipa tí ètò tuntun lè ní lórí erékùṣù wò. Ẹ wádìí bóyá irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín.

Àwọn erékùṣù kan fúnra wọn ló bẹ̀bẹ̀ fún ààbò, ó sì yẹ kí ẹ gbé e yẹ̀ wò tinútinú. Àwọn ará Fair Isle ní Scotland ló dá agbègbè tiwọn lábàá, ìjọba sì fọwọ́ sí i ní 2016. Ní Apo Island ní Philippines, àwọn apẹja fọwọ́ sí ibi tí wọn ò ní pẹja mọ́ ní 1982. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin tirẹ̀ gba erékùṣù náà ní 1994, ìpinnu bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí apẹja ò ti ní ọwọ́ tó ti tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè kẹta, ta ló láṣẹ, fi gbọ́dọ̀ wà nínú èsì yín, bí ẹ tilẹ̀ fara mọ́ ètò náà.

Bí wọ́n bá pè yín sípàdé, ẹ ní kí wọ́n fi sí alẹ́, kí ó má bọ́ sọ́jọ́ tí omi bá rọ̀. Ẹni yín kan ló máa kọ ohun tí wọ́n sọ, kó fi ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ náà láàárín wákàtí 48, kó ní kó tún èyí tí kò tọ̀nà ṣe.

Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn omi

Bóyá ẹ borí tàbí ẹ ò borí, ẹ wo ìsàlẹ̀ òkun kí òfin tó bẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà kékeré tí omi kì í wọ̀, iná, àti férémù irin mítà ìdajì níbùú lóròó tó. Ẹ yan ibi 20 nínú ààlà àti 20 níta rẹ̀, tí ìjìnlẹ̀ àti ilẹ̀ wọn jọra. Ẹ sọ férémù náà kalẹ̀ nígbà tí omi bá dúró, láàárín kíkún àti fífà, nítorí bí omi bá ń ṣàn, ọkọ̀ á wọ́ ọ, ẹrẹ̀ ni ẹ ó sì rí. Bó bá ti kan ilẹ̀, ẹ tú okùn díẹ̀ sí i, kí ẹ jẹ́ kó wà fún ìṣẹ́jú 2: ìkínní kí ẹrẹ̀ lè rọlẹ̀, ìkejì fún àwòrán. Ẹ kọ nọ́ńbà ibi náà sí pátákó, kí ẹ fi han kámẹ́rà kó tó wọ omi. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ padà sí ibi 40 kan náà, ní oṣù kan náà.