Bí mo ṣe ṣírò agbára tó so kókó hílíọ̀mù pọ̀

Prótónù méjì àti nẹ́útrónù méjì ló wà nínú kókó átọ̀mù hílíọ̀mù-4. Iye agbára tó so wọ́n pọ̀ ni mo wá. Joule, òṣùwọ̀n agbára tí a sábà ń lò, tóbi jù fún iṣẹ́ yìí, òdo tó máa tẹ̀ lé póìǹtì á pọ̀ débi pé ojú á ṣì wọ́n kà. eV (electronvolt) ló yẹ ẹ́: agbára tí ẹ̀lẹ́ktrónù kan ń rí gbà bó bá gba àárín ibi méjì tí ìyàtọ̀ wọn jẹ́ fólítì kan kọjá. Láti 2019 ni wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sí 1.602176634 × 10⁻¹⁹ joule gẹ́lẹ́. Mílíọ̀nù kan rẹ̀ ni MeV.

Mo kọ ìwúwo wọn sílẹ̀ ní u (òṣùwọ̀n ìwúwo átọ̀mù): háídrójìn 1.007825, nẹ́útrónù 1.008665, hílíọ̀mù 4.002603. Mo ro háídrójìn méjì àti nẹ́útrónù méjì pọ̀, ó di 4.032980. Mo yọ ti hílíọ̀mù kúrò, ó ku 0.030377 u. Ìwúwo lè di agbára (E = mc²), torí náà ìwúwo tó dàwátì yìí gan-an ni agbára tí à ń wá. 931.494 MeV ló wà nínú u kan, torí náà mo sọ ọ́ di ìlọ́po 931.494: 28.296 MeV. Mo pín in sí mẹ́rin, ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 7.07 MeV.

Kí ló dé tí mo fi lo háídrójìn, tí n kò lo prótónù lásán? Torí pé 4.002603 yẹn jẹ́ ti odindi átọ̀mù, ẹ̀lẹ́ktrónù méjì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá lo prótónù, 1.007276, yóò rí 27.27 MeV. MeV 1.02 tó sọnù yẹn jẹ́ ìwúwo ẹ̀lẹ́ktrónù méjì gẹ́lẹ́, 0.511 lọ́nà méjì. Ibí ni mo ti ń kọ́kọ́ wò bí èsì ẹnikẹ́ni bá yàtọ̀ sí tèmi.

Ẹ má gé nọ́ńbà kúrú kí ẹ tó yọ ọ́. Bí ẹ bá fi mọ sí ẹyọ mẹ́ta lẹ́yìn póìǹtì, 0.031 ló máa ṣẹ́ kù, èsì á sì di 28.88. Ẹ ṣọ́ M ńlá náà: meV jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún eV, bílíọ̀nù kan sì ni MeV fi jù ú lọ.

Ìparí ni mo tó yí i sí joule: 4.53 × 10⁻¹² fún átọ̀mù kan. Nínú gíráàmù hílíọ̀mù kan, ó tó 6.8 × 10¹¹ joule, ìyẹn bíi kilowatt-hour 189,000.