Ẹ Wo Yorùbá Yín Kí Ẹ Tó Mú “Say” Tàbí “Tell”

Àwọn àgbàlagbà ni mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́ l'Ókè-Fíà, ní Òṣogbo. Télọ̀ wà nínú wọn, awakọ̀ wà, nọ́ọ̀sì kan tó ń múra ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IELTS náà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbọọrọ gbọọrọ kì í dà wọ́n láàmú, wọ́n ti há ìyẹn sórí. “Say”, “tell”, “speak” àti “talk” ló máa ń dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n má tíì wá Gẹ̀ẹ́sì rárá. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ bí wọn ì bá ṣe sọ ọ́ ní Yorùbá, nítorí Yorùbá ti pín iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀.

Bó bá jẹ́ “ó ní” ló wà lọ́kàn yín, “say” ni. Ó ní ó ti rẹ òun: “She said she was tired.” Ẹ rí i pé kò sí ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún nínú gbólóhùn yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ fi í kún un, “to” gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀: “She said to me.” Ìwé, pátákó àti aago náà máa ń “say” nǹkan, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe máa ń sọ pé ìwé ní báyìí báyìí. Nígbà tí ẹ bá ń ka “says” sókè, “sẹ” ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá fi ìró “z” parí rẹ̀. “Said” náà, “sẹd” ni. Àwọn tó ń pe “says” bí ẹni fi “s” lẹ “say” nídìí pọ̀, àní lórí rédíò.

Bó bá jẹ́ “sọ fún”, “tell” ni, “tell” sì ti gbé “fún” náà mì. Mo sọ fún un: “I told him.” “I told to him” máa ń bọ́ lẹ́nu wa nítorí pé “fún” ń wá ibi tó máa jókòó sí. Ẹ má fún un láyè. Bí àṣẹ bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, bíi “ó ní kí n wá”, púpọ̀ wa á ní “He said I should come.” Wọ́n á gbọ́ yín, ṣùgbọ́n “He told me to come” ló já gaara jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni “pa”. Irọ́ tí a ń pa àti àlọ́ tí a ń pa, “tell” ló ni àwọn méjèèjì: “tell a lie”, “tell a story”. Òwe kò tẹ̀ lé wọn, “use a proverb” ni kí ẹ sọ. Òtítọ́ ní tirẹ̀, sísọ là ń sọ ọ́ ní Yorùbá, ìyẹn ló fi jẹ́ pé “to say the truth” kún ìgboro. “To tell the truth” ni. Láyé àtijọ́, kíka nǹkan ni “tell” túmọ̀ sí. Ìdí rèé tí ẹni tó ń ka owó ní báǹkì fi ń jẹ́ “teller”, tí “all told” sì jẹ́ bí a bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìwé pélébé tí a fi ń sanwó sínú àkáǹtì làwa ń pè ní “teller” nílé níbí. Bí ẹ bá dé báǹkì kan ní Houston tí ẹ ní “Give me one teller”, òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa rò pé ẹ ń béèrè. “Deposit slip” ni wọ́n ń pe ìwé yẹn lọ́hùn-ún.

Èdè ni “speak” ń bá rìn: “She speaks English.” Ṣé o gbọ́ Yorùbá? “Do you hear Yoruba?” kọ́ o. Etí ló wà fún “hear”. Ẹ sọ pé “Do you understand Yoruba?” tàbí “Do you speak Yoruba?”, nítorí ọ̀tọ̀ ni kéèyàn gbọ́ èdè, ọ̀tọ̀ ni kó lè sọ ọ́, àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó sì mọ èyí dáadáa. Bó bá jẹ́ “bá sọ̀rọ̀”, ẹ lè lo “talk to” tàbí “speak to”. Ti ọ̀rẹ́ ni “talk”, ti ọ̀gá ni “speak”. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn: “They are talking about me.” Bí ẹnì kan bá pè yín lórí fóònù tó ní òun fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, tó sì dárúkọ yín, “Speaking” nìkan ti tó.

Ẹ ṣọ́ra fún “òun”. “Adé ní òun ń bọ̀” àti “Adé ní ó ń bọ̀” kì í ṣe ọ̀kan náà létí wa: nínú ti àkọ́kọ́, Adé fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀, nínú èkejì, ẹlòmíì ni. “Ade said he was coming” ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún méjèèjì. Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, ẹ dárúkọ rẹ̀. Ẹ tún wò ó pé “is” ti di “was”, nítorí ọ̀rọ̀ àná là ń ròyìn.

Àwọn tó ń lọ ṣe UTME máa ń há ọ̀rọ̀ tó jọra sórí, nítorí pé nínú ọgọ́ta ìbéèrè tí JAMB ń béèrè lórí Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan máa ń béèrè ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ra. Èmi kò fẹ́ràn àhásórí yẹn. “Claim” kì í ṣe “say” lásán, ó ní ẹni tó ń ròyìn kò tíì gbà á gbọ́. “Admit” ni jíjẹ́wọ́. “Mutter” ni kíkùn sínú, “whisper” ni sísọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Inform” ń ṣe bíi “tell”, kò fẹ́ “to”: “Inform him.” “Explain”, “announce” àti “mention” fẹ́ ẹ: “Explain it to me.” “Discuss” ní tirẹ̀ kò fẹ́ “about” rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ìpàdé ìdílé ni a ti ń “discuss about” nǹkan. Bí ẹ bá sì ń kọ ìtàn, ẹ jẹ́ kí “said” ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà; kì í sú òǹkàwé.

Ẹ gbé èyí wò: Màmá ní kí o sọ òtítọ́ fún Bàbá, pé ẹni tó bá wọn sọ̀rọ̀ lánàá, irọ́ ló ń pa. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀ ná kí ẹ tó wo tèmi: “Mum says you should tell Dad the truth: the man who spoke to him yesterday was telling lies.”