Tí ẹ bá tàsé ńkọ́? Bí a ṣe ń yan snáípà nínú géèmù

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ra AWP, snáípà ńlá kan (snáípà ni ìbọn tí a fi ń yìn láti òkèèrè), nínú géèmù oníbọn Counter-Strike 2 láì wẹ̀yìn wò. Ìró rẹ̀ ló kó sí mi lórí. Tó bá dún gbàmù báyìí, àfi bí ẹni pé gbogbo máàpù ló gbọ́ pé mo dé. Bí mo bá pa ẹnì kan, inú mi á dùn bíi ti ẹni tó joyè. Ẹ̀ẹ̀mẹrin tí mo tàsé lẹ́yìn ẹ̀, n kì í kà á.

Alẹ́ ọjọ́ kan ló là mí lójú. Orí máàpù Dust II la wà, mo lúgọ sí ọ̀nà gígùn tí à ń pè ní Long, mo dojú awò ìbọn kọ ilẹ̀kùn tí wọ́n máa gbà wọlé. Ọ̀tá yọ, mo yìn ín, ọta gba ẹ̀gbẹ́ etí ẹ̀ kọjá. AWP kì í sì í yìn léraléra: ó tó bí ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀ kí òmíràn tó lè jáde. Kí ni mo wá ṣe ní gbogbo àkókò yẹn? Mo dúró gbagidi, ojú mi ṣì wà nínú awò, mo ń retí ọta kejì. Ó pa mí, ó gbé AWP mi nílẹ̀, ó fi pa ẹlẹgbẹ́ mi méjì ní A, ọ̀kan nínú ibi méjì tí à ń ṣọ́. Ọmọdékùnrin kan nínú ikọ̀ wa wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ìbọn fún wọn mọ́." Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Látìgbà náà, nínú géèmù yòówù, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò lára snáípà ni pé: tí mo bá tàsé, kí ni ìbọn yìí máa jẹ́ kí n ṣe? Tí ọta bá bà, kò sí ìbọn tí kò dáa.

Bí ẹ ṣe máa mọ tiyín rèé. Ẹ gbé bébà kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ fi snáípà tó wù yín gbá géèmù bí ẹ ṣe máa ń gbá a. Tí ẹ bá ti tàsé, ẹ jẹ́ kí ràúńdì parí, kí ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ kan péré nípa ohun tí ẹ ṣe lẹ́yìn ẹ̀: "sá," "dúró," "tún yìn," tàbí "pààrọ̀," ìyẹn tí ẹ bá fa ìbọn kékeré yọ. Ẹ kọ 20. Ẹ má parọ́ fún bébà, kò mọ̀ yín rí. Nínú 20 tèmi, 13 ni "sá," 4 ni "dúró," 3 ni "pààrọ̀." Ẹsẹ̀ mi ló ń ronú fún mi, n kò sì mọ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé nínú 13 yẹn, bóyá ni mo fi sá débì kan lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìdí ẹ̀ wà nínú ìbọn náà. Ẹni tó di ọ̀bẹ mú ń sáré 250 nínú ìwọ̀n géèmù yẹn. Pẹ̀lú AWP, ó di 200. Tí ẹ bá wá fojú sínú awò, ó já sí 100. Ìjàpá tó ru òkúta ni yín. SSG 08, tí àwa tó ń gbá a ń pè ní Scout, fún yín ní 230, bí ojú yín tilẹ̀ wà nínú awò. Ẹni tí bébà ẹ̀ bá kún fún "sá" kò ní í wá ìbọn jìnnà mọ́.

Ṣùgbọ́n Scout ní tirẹ̀. AWP máa pa ẹni tó bá bà, àfi tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló bà. Ọta Scout kan sí àyà kì í pa ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ pé 100. Orí ni kí ẹ wá. Orí yẹn ló lé ọ̀pọ̀ èèyàn padà sídìí AWP. Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ohun tó ń mú ọta Scout ṣìnà jù ni pé ẹ ń rìn lọ́wọ́ nígbà tí ẹ yìn ín. Tí mo bá ń fi bọ́tìnnì D rìn lọ sápá ọ̀tún, n kì í kàn gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀, nítorí ara á ṣì máa yọ̀ lọ díẹ̀. Mo máa tẹ bọ́tìnnì A, tó ń gbéni lọ sósì, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni fọwọ́ kan iná, ara á dúró gán-ín, ìgbà yẹn ni mo máa yìn. Lẹ́yìn náà, D padà, mo ti wọ ẹ̀yìn ògiri. D, A, yìn, D. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n, àwọn bọ́ọ̀tì, ìyẹn ọ̀tá tí kọ̀ǹpútà ń darí, ni mo sì fi kọ́ ọ.

Owó náà ńkọ́? AWP jẹ́ $4,750, Scout jẹ́ $1,700. Tí ẹ bá wà lápá Terrorist, ọ̀kan nínú ikọ̀ méjèèjì, ẹni tó ra Scout ṣì lè ra AK-47, $2,700, fún ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ láti inú owó AWP kan. Bẹ́ẹ̀ ni AWP ń san $100 péré lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi pa, nígbà tí Scout ń san $300. G3SG1 àti SCAR-20, àwọn snáípà tó ń yìn léraléra, wà níbẹ̀ náà, $5,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rà wọ́n tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fi yín ṣẹ̀sín.

Tí ó bá jẹ́ Valorant lẹ ń gbá, bébà kan náà lẹ máa lò. Outlaw, snáípà tó wọlé ní 2024, ní ọta méjì tó ń tẹ̀ lé ara wọn kíá. Ti àwọn "tún yìn" nìyẹn. Marshal, tó jẹ́ 950 nínú owó géèmù náà, fúyẹ́, ó sì ń gba 101 lára ẹni tó bá bà láyà. Ẹ̀mí ẹni tí kò wọ ìhámọ́ra jẹ́ 100. Ẹyọ kan ṣoṣo yẹn tó. Operator, 4,700, mo fi sílẹ̀ fún àwọn "pààrọ̀," nítorí ìbọn kékeré wọn máa ń parí ohun tí ìbọn ńlá bẹ̀rẹ̀.

Ní PUBG, ìṣòro ọ̀tọ̀ ni. Inú àpótí tí bàálù ń jù sílẹ̀ ni snáípà tí wọ́n ń pè ní AWM ti ń wá, nítorí náà ẹni tó bá ní AWM lòun fẹ́ràn jù, àlejò ló fẹ́ràn. Ẹ yan Kar98k, tí ẹ máa rí nílẹ̀ lemọ́lemọ́. Ọta ibẹ̀ tún ń pẹ́ dé, ó sì ń rọ̀ wálẹ̀ tí ọ̀nà bá jìn, torí náà iwájú ẹni tó ń sáré lẹ máa yìn.

Ẹ̀yin tí "dúró" pọ̀ jù nínú bébà yín, bíi tèmi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ má tíì pààrọ̀ ìbọn. Ẹ kọ́ Q lẹ́ẹ̀mejì ná, bọ́tìnnì tó ń pààrọ̀ ìbọn ọwọ́ yín. Tí AWP bá ti dún, ẹ tẹ Q, Q: ìbọn á kúrò lọ́wọ́, á padà, ojú yín á sì ti jáde nínú awò. Àwọn kan ń sọ pé ó ń mú ọta kejì yá. Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ yín ló ń tú sílẹ̀.

Mo ṣì máa ń ra AWP, tí owó bá ti pọ̀ lọ́wọ́ gbogbo ikọ̀. Mo ṣì ń lọ lúgọ sí Long, mo sì ṣì ń tàsé níbẹ̀. Àmọ́ kí ọ̀tá tó yíjú sí ibi tí ìró ti wá, Q lẹ́ẹ̀mejì, ògiri ló máa bá.