Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Bí A Bá Fẹ́ Yọ Tísà Tàbí Pírínsípà Tí Kò Ṣe Dáadáa

Ní Iléṣà, ta ni kò mọ ìtàn òṣómàáló? Oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ta aṣọ láwìn, tó wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tó ní òun ò níí dìde àfi bí owó òun bá pé. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé onígbèsè náà ti mọ iye tó jẹ àti ọjọ́ tó dá. Ní ilé-ìwé ìjọba, lílóṣòó la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ lẹ́nu iṣẹ́ kò tíì gbọ́ rí pé òun jẹ gbèsè.

Ẹ má kó tísà tí kò ṣe dáadáa lọ sí abúlé. Èyí ni mo fi ṣáájú, torí òun ló ń bí mi nínú jù. Èmi àti tísà kan jọ ṣiṣẹ́ nígbà kan, ẹni tó lè fi odindi ọ̀sẹ̀ kan pa kíláàsì rẹ̀ tì. Pírínsípà wa kò fẹ́ wàhálà, ló bá kọ ìwé rere nípa rẹ̀ kí ilé-ìwé mìíràn lè tètè gbà á. Ilé-ìwé yẹn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ó balẹ̀ sí abúlé kan lọ́nà Ìpérindó, níbi tí tísà mẹ́ta péré ń kọ́ gbogbo kíláàsì. Bí tísà bá ya ọ̀lẹ nígboro, òbí tó rí já jẹ á wá ẹni tí yóò máa kọ́ ọmọ rẹ̀ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́. Ta ni yóò wá ìyẹn fún ọmọ àgbẹ̀ kòkó? Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ìyá kan bi mí pé kí ni àwọn fi ṣẹ ìjọba. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Ìwé rere yẹn náà ló wá da ọ̀rọ̀ rú. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yọ ọkùnrin náà, "ó dára púpọ̀" ló kún fáìlì rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Lọ́yà rẹ̀ kò ṣe wàhálà kankan, ó kàn ń kà á sókè ni. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú owó oṣù tí wọ́n ti dá dúró. Nítorí náà, ẹ má kọ fọ́ọ̀mù APER, èyí tí a fi ń díwọ̀n iṣẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún, bí ẹni ń pín ìrẹsì níbi ìnáwó, tí gbogbo àwo gbọ́dọ̀ dọ́gba. Kí pírínsípà jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kí ó wo lẹ́sìn nóòtù, kí ó kọ ọjọ́ àti ohun tó rí sílẹ̀, kí tísà kà á kí ó sì fọwọ́ sí i. Kí ó kọ ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ṣe fún un pẹ̀lú. Tísà físíìsì tí kò rí yàrá àyẹ̀wò lò láti ọjọ́ tó ti dé, ẹ̀bi ta ni?

Kúẹ́rì tó kàn sọ pé "o kò ṣe dáadáa", òfo ni. Ọjọ́ wo? Kíláàsì wo? Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí a gbọ́ tẹnu ẹni kí a tó dá a lẹ́jọ́. Ní 1985, nínú ẹjọ́ Ọláníyan, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí dá àwọn olùkọ́ tí Yunifásítì Èkó lé padà sẹ́nu iṣẹ́, torí pé wọn kò tẹ̀lé ìlànà tí òfin là sílẹ̀. (Ẹ má sì kéde ìyọniníṣẹ́ lórí ìlà àárọ̀ níwájú àwọn ọmọ. Mo ti rí i rí.)

Ìdánwò ọlọ́pọ̀ èrò tún ńkọ́? Ní 2017, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná gbé ìbéèrè ọmọ kíláàsì kẹrin síwájú nǹkan bí 33,000 tísà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní 21,780 nínú wọn kò gba máàkì 75 nínú 100, wọ́n sì ní àwọn yóò lé wọn. NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, fárígá. Èmi ò níí gbèjà tísà tí ìbéèrè kíláàsì kẹrin bá ta yọ. Ṣùgbọ́n ìdánwò ọjọ́ kan kò lè sọ ẹni tó mọ̀wé tí kì í wá síbi iṣẹ́, kò sì lè sọ ẹni tó mọ ọmọ kọ́. Èdè tí a fi ń ṣe ìdánwò tún ńkọ́? Àwa tí a wà nítòsí Ifẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí èdè ti ṣe pàtàkì tó. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, títí kan iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá fẹ́ wọn tísà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè èdè tí a ń fi wọ̀n ọ́n.

Ó ku àwọn ọ̀gá. Tísà la máa ń lé, ọ̀gá la máa ń gbé ga. Pírínsípà wa tó kọ ìwé rere àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n sọ ọ́ di alábẹ̀wò ilé-ìwé. Òun ni wọ́n rán lọ sí abúlé ọ̀nà Ìpérindó láti lọ wádìí ohun tó fà á tí àwọn ọmọ fi ń fìdí rẹmi.