Bí a ṣe wá kóòṣì tuntun: ìrírí mi nínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni-márùn-ún

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe lẹ́bàá Ọlá-Ìyá, níbí ní Òṣogbo. Mò ń tẹ̀wé, mò ń ṣe fótókópì, mo sì máa ń bá àwọn ọmọ fi orúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Bọ́ọ̀lù tí mo gbá láyé mi kò kọjá ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni pé èmi ni akọ̀wé àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ wa, àti pé nígbà tí Alága dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti wá kóòṣì, wọ́n nílò ẹni tí yóò máa tẹ ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, torí mo ṣì fẹ́ máa ráyè jókòó lábẹ́ òrùlé nígbà tí òjò bá ń rọ̀ ní pápá. Líìgì kejì, Nigeria National League, la wà. NPFL, líìgì tó ga jù, là ń lé.

Kóòṣì tó wà tẹ́lẹ̀ lọ láàárín sáà. Ẹgbẹ́ mìíràn fi owó tó ju tiwa lọ pè é, ó sì di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tí wọ́n nà wá mọ́lé. Mi ò bá a wí. Owó oṣù mẹ́ta rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn wa lọ́jọ́ tó ń lọ.

Àwa márùn-ún la jókòó. Alága wà níbẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, tó ń ta aṣọ ní Ọjà-Ọba, tó sì máa ń bọ́ àwọn ọmọ nígbà tí owó káàmpù bá tán. Lóyà kan wà níbẹ̀. Ẹni kẹrin ni bàbá kan tí a ń pè ní Bàbá 76, nítorí kò sí ìpàdé tí kò ní mẹ́nu ba ọdún 1976, nígbà tí IICC Ìbàdàn di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà wálé. Èmi ni ẹni karùn-ún, pẹ̀lú bíírò.

Lóyà ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí a wá oyìnbó kan, ó ní oyìnbó a máa mú kí àwọn tó ń polówó ọjà sún mọ́ ẹgbẹ́. Bàbá 76 yọ awò ojú rẹ̀.

“Lóyà, ẹ̀yin náà. Modákẹ́kẹ́ tó wà nítòsí wa níbí, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni Onígbìndé ti jáde? Òun ló mú àwọn ọmọ wa dé àṣekágbá ife Áfíríkà ní Côte d’Ivoire ní 1984. Òun náà ni wọ́n tún wá bẹ̀ ní 2002, kó kó Eagles lọ sí Ife Àgbáyé ní Kòríà àti Jàpáànù. Keshi gba ife Áfíríkà ní 2013. Oyìnbó wo ló bá a gbé e?”

“Bàbá, ẹ má bínú. Oyìnbó ni Westerhof, òun náà gba tiẹ̀ ní 1994.”

“Àti pé ta ni kápútéènì rẹ̀? Keshi kan náà!”

Wọn ì bá máa bá a lọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, bí kì í bá ṣe Ìyá Ẹgbẹ́ tó béèrè pé, “Ẹ̀yin bàbá, èló ló wà nílẹ̀?” Alága sọ iye tó wà nílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oyìnbó kú sí.

Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí a kọ ohun tí à ń wá sílẹ̀ kí a tó ṣí lẹ́tà ẹnikẹ́ni. Ojú mi ti rí i rí. Nígbà tí mo fẹ́ gba ọmọ iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ẹni tó mọ èèyàn-án kí jù ni mo gbà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó mọ̀ pé kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ. Nǹkan mẹ́rin la kọ: kó ní ìwé-ẹ̀rí kóòṣì ti CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, ìpele B ó kéré tán, kó ti bá ẹgbẹ́ tí kò lówó ṣiṣẹ́ rí, kó lè fi àwọn ọmọ kéékèèké gbá bọ́ọ̀lù, kó sì máa gbé Òṣogbo, kì í ṣe kó máa ti Èkó wá ní Ọjọ́bọ̀ kó sì padà ní Sunday. Èyí tó kẹ́yìn yìí, Ìyá Ẹgbẹ́ ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Bàbá 76 ṣàlàyé ìwé-ẹ̀rí fún wa: D ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, C tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà B, lẹ́yìn náà A, Pro ló wà lókè pátápátá.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré, lẹ́tà mẹ́tàlélógójì wọlé. Púpọ̀ nínú wọn kò gba àsìkò. Àwọn kan kò fi ìwé-ẹ̀rí kankan sí i, àdúrà ni wọ́n kọ. Ẹnìkan wà tó jẹ́ pé lẹ́tà tí èèyàn ńlá kan kọ tì í lẹ́yìn gùn ju lẹ́tà tirẹ̀ lọ. Alága fẹ́ ká má yọ ìyẹn kúrò “nítorí ọ̀la”; Lóyà ní ọ̀la kò sí nínú nǹkan mẹ́rin tí a kọ.

Ọ̀kan wà tí iṣẹ́ ọwọ́ mi bá mu. Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ dán, ó lẹ́wà, CAF A ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, mo rí i pé “a” inú orúkọ rẹ̀ àti “a” inú ìyókù ìwé náà kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ìlà orúkọ náà sì gun òkè díẹ̀ lápá ọ̀tún, bí ìgbà tí ọkọ̀ bá fi taya kan gun òkìtì. Èmi náà ti bá àwọn èèyàn tún déètì lórí ìwé ìkésíni ìgbéyàwó ṣe, mo mọ bó ṣe máa ń rí. A ní kó mú ojúlówó wá. Títí di òní, a ò gbúròó rẹ̀.

Ẹni mẹ́sàn-án ló kù. Alága fẹ́ pe àwọn alága ẹgbẹ́ tí wọ́n ti bá ṣiṣẹ́. Ìyá Ẹgbẹ́ ní rárá, ó ní alága tó bá fẹ́ kí èèyàn kúrò lọ́dọ̀ òun, òun gan-an ni yóò yìn ín jù. “Ẹ pe àwọn tó ń fọ aṣọ wọn.”

Mo rò pé eré ló ń ṣe. Kì í ṣe eré. Bàbá Aṣọ, ẹni tó ń tọ́jú jẹ́sì àti bàtà ẹgbẹ́ wa, mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri. Ní gbogbo ìgbà tí ẹgbẹ́ bá lọ gbá bọ́ọ̀lù níta, àwọn ni wọ́n máa ń jókòó pọ̀ sí ẹ̀yìn ilé ìpààrọ̀ aṣọ, tí wọ́n ń pín ọṣẹ fún ara wọn. Ó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi fún ọjọ́ méjì, ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó tan ohùn rẹ̀ sókè, èmi ń kọ. Nípa ti kóòṣì kan tó lórúkọ gan-an, ẹni tó wà lórí fóònù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kóòṣì gidi ni. Ó kàn jẹ́ pé a kì í rí i láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́rú.” Nípa ti òmíràn, wọ́n ní ó máa ń fi ẹ̀bi gbogbo góòlù tó bá wọlé ru gólì. Nípa ti ẹnìkan tí orúkọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dún, ohùn tó wá láti ọ̀nà jíjìn ní, “Tí tíréènìn bá parí, ó máa ń dúró bá mi ka bọ́ọ̀lù. Tó bá dín, òun fúnra rẹ̀ máa bọ́ sínú igbó wá a.”

Mo fa ìlà sábẹ́ ìyẹn. Láti ọjọ́ náà, Ọkùnrin tó ń ka bọ́ọ̀lù ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé mi.

Ibí yìí ni kí n ti jẹ́wọ́ tèmi. A yan ẹni márùn-ún tí a fẹ́ rí, mo tẹ orúkọ wọn, mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ lórí WhatsApp, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn alátìlẹ́yìn. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn. Mo yára pa á rẹ́, ṣùgbọ́n kí n tó délé, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan ti ń ka orúkọ wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, àṣìtẹ̀ mi tó wà níbẹ̀ gan-an, ó kà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n lé e lọ́jọ́ kejì. Mo pè é láti bẹ̀ ẹ́, kò gbé e. Mo ṣì máa ń rántí rẹ̀.

Gbọ̀ngàn kékeré kan ní Òkè-Fìà la ti fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Àwọn ìbéèrè tí Lóyà kọ dára, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ti mọ ìdáhùn rẹ̀ lórí. Kò sẹ́ni tí kò fẹ́ràn ìlànà, kò sẹ́ni tí kì í fi ọmọ kéékèèké ṣe nǹkan. Ti Bàbá 76 ló já wọn sí ìhòòhò. Ó da ìdérí ìgò mínírà sórí tábìlì, méjìlélógún, ó ní: “Ẹ ti jẹ góòlù kan, wọn ò tíì jẹ. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Rẹfirí fún ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yìn yín ní káàdì pupa. Ẹ tò ó fún wa.”

Ẹni àkọ́kọ́ tò ó, ó ṣàlàyé, ó ń fi ìka júwe. Mo kà á: ìdérí rẹ̀ ṣì pé mọ́kànlá. Bàbá 76 na ọwọ́ pẹ̀lẹ́, ó mú ọ̀kan, ó fi sápò. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ rí i, ó ń ṣàlàyé lọ. Nígbà tó kan Ọkùnrin tó ń ka bọ́ọ̀lù, kò fọwọ́ kan nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ó béèrè pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kù lórí bẹ́ǹṣì? Atẹ́gùn ń fẹ́ síbo?” Bàbá 76 wò mí, mo sì mọ̀ pé ó ti rí ẹni tirẹ̀.

Ẹni mẹ́ta la mú lọ sí pápá, àárọ̀ kan fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Èmi tí mi ò mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù, mo ní kí n máa wo ọmọ kan ṣoṣo, wíńgà òsì wa tó ń wọ nọ́mbà 17, kí n máa ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan bọ́ọ̀lù. Lọ́wọ́ kóòṣì àkọ́kọ́, ìgbà mẹ́rìnlá ni. Eré ni wọ́n sá jù, ìyókù, wọ́n tò sórí ìlà bí ẹni tó fẹ́ ra epo. Ẹnìkejì ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà rí. Mo ní fọ́tò rẹ̀ lára ògiri nígbà tí mo wà ní kékeré, kí n má purọ́, òun ni ọkàn mi fẹ́. Ìtàn dídùn ló sọ fún wọn, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nọ́mbà 17 kan bọ́ọ̀lù ní ìgbà mọ́kànlélógún.

Ọkùnrin tó ń ka bọ́ọ̀lù dé kí ẹni tó ń ṣọ́ géètì tó jí. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, omi dúró síwájú ilé góòlù kan. Ó pín wọn sí mẹ́rin-mẹ́rin, ó sọ pápá di kékeré, kò sẹ́ni tó ráyè dúró. Nígbà tí mo ka nọ́mbà 17 dé àádọ́rin, mo jáwọ́. Gólì kan ju bọ́ọ̀lù fún alátakò, àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rìn lọ bá a, ó ní, “Kí lo rí?” Ọmọ náà ní òun rò pé ẹ̀yìn ọ̀tún máa jáde wá gbà á. Ó pe ẹ̀yìn ọ̀tún, ó ní kí wọ́n tún un ṣe, lẹ́ẹ̀mẹta. Kò pariwo. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kó gbogbo wọn lọ sínú omi tó dúró náà, ó ní òjò kì í béèrè ọjọ́ ìdíje lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mẹ́ta sí méjì la dìbò. Alága àti Lóyà mú ìràwọ̀, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ máa ta tíkẹ́ẹ̀tì. Wọn ò parọ́, ó máa tà á.

Bí a ṣe dìbò tán ni Alága gbé fóònù láti pe rédíò. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ rántí Labbadia.” Ní oṣù kẹjọ 2024, NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, kéde ará Jámánì yẹn pé òun ni kóòṣì Super Eagles, láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ní òun ò wá mọ́. Ọ̀rọ̀ owó-orí ni wọ́n ní kò bára mu. Èmi tí mo ti tú orúkọ márùn-ún sáfẹ́fẹ́, èmi ló wá ń kọ́ni ní sùúrù! Ṣùgbọ́n ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ìwé àdéhùn gba ọjọ́ mẹ́rin. Kóòṣì kò bá wa du iye owó, ọjọ́ tí owó máa wọlé ló ń bá wa du. Lóyà kọ ọ́ pé bí a bá jẹ ẹ́ ní owó oṣù méjì, ó lè lọ láìsan kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun nìkan ni yóò máa yan mọ́kànlá tó máa wọ pápá, kí ẹnikẹ́ni má fi lísìtì ránṣẹ́. Ilé dákẹ́. Ọmọ àbúrò ìyàwó Alága wà nínú ẹgbẹ́, gbogbo wa la mọ̀. Alága mu omi, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ kíákíá, mo tẹ̀ ẹ́ síta ní ẹ̀dà mẹ́rin, kó má baà yí ọkàn padà.

Ìdíje mẹ́fà la ti gbá báyìí. A borí nínú mẹ́ta, a ta ọ̀mì nínú méjì, wọ́n nà wá nínú ọ̀kan, nọ́mbà 17 sì ti jẹ góòlù méjì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Aṣọ wá ṣe fótókópì lọ́dọ̀ mi. Ó ní ẹlẹgbẹ́ òun kan pe òun láti ẹgbẹ́ kan lápá òkè, ó ń béèrè irú èèyàn tí kóòṣì wa jẹ́. Mo bi í pé kí ló wá sọ fún un.

Ó ní òun sọ fún un pé nẹ́tíwọ̀kì ò dáa.